"Lọ Kọ Ọ́ Nílé Ẹ"

Ọ̀gá wa níbi iṣẹ́, ẹni tí àbígbẹ̀yìn ilé wa lè rán níṣẹ́, ló jágbe mọ́ mi ní Sátidé tó kọjá, níwájú àwọn arúgbó tí mò ń tọ́jú ní Newcastle níbí. Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni pé mò ń kọrin. Ó ní tí mo bá fẹ́ kọrin, kí n lọ kọ ọ́ nílé mi.

Ilé wo?

Bàbá kan lára wọn, tí kò gbé ìlú míì rí láyé ẹ̀, ló fẹ́ràn orin náà. Gbogbo Sátidé la máa ń gbé e sí i: "We Gotta Get Out of This Place", ti The Animals, ọdún 1965. Kò ju pé ìlú yìí ti fún mi lọ́rùn, ẹ jẹ́ ká sá lọ. Ọmọ Newcastle ni Eric Burdon tó ń kọ ọ́, àmọ́ tọkọtaya kan ní New York ló dá orin ọ̀hún. Àwọn sójà Amẹ́ríkà tún gbé e dé Vietnam, wọ́n sọ ọ́ di tiwọn.

Tèmi, Ìjẹ̀bú-Òde ni. Tí mo bá ra súyà ní Fólágbadé lálẹ́, kí n tó délé, ìyá mi ti mọ iye igi tí mo rà àtẹni tó sanwó ẹ̀. Mo máa ń sọ níbi iṣẹ́ pé yàrà tí wọ́n ní Bílíkísù Ṣùngbọ́ gbẹ́ yí wa ká, nǹkan bí 160 kìlómítà, kì í ṣe torí ogun rárá, kí èmi má bàa ríbi sá gbà ni. Wọn kì í rẹ́rìn-ín. Níbo ni wọ́n ti fẹ́ mọ Ṣùngbọ́?

Ibì kan wà nínú orin yẹn tó kan bàbá tó ń ṣiṣẹ́ títí irun ẹ̀ fi funfun. Télọ̀ ni bàbá mi, lẹ́yìn ọjà Òkè-Àje. Ogójì ọdún lórí àpótí kan náà. Mo wí i lójú ẹ̀ pé èmi ò ní jókòó síbẹ̀. Ó ní, "Ta ló ní kó o jókòó?", ó ń tẹ maṣínì ẹ̀ lọ. Maṣínì kejì ló tà kún owó fisà mi.

Àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ló kú. Kí n tó ṣíwọ́, wọ́n ti sin ín. Ìwé mi ò tíì jáde nígbà yẹn.

Ibi bàbá yẹn nínú orin ni mo dé ní Sátidé tí ohùn mi fi lọ sókè. Ọ̀gá wa ò kúkú jẹ̀bi. Aago tí wọ́n fi ń pè wá ń dún ní yàrá kejì, mi ò gbọ́.

Nírọ̀lẹ́, regbẹ́regbẹ́ wa kọ ọ́ sórí WhatsApp: aṣọ Ojúde Ọba ti dé, kí kálukú sanwó. Mo bú wọn dáadáa, pé wọn ò ní jẹ́ kéèyàn mí. Mo sì sanwó aṣọ tí mi ò ní sí nílé wọ̀. Mo ní kí wọ́n bá mi gbé e fún télọ̀ mi.

Wọ́n ní, télọ̀ wo?