Igi tó ni ara ẹ̀ ní Athens

Ó ti pẹ́ tí àbúrò mi ti ń yọ mí lẹ́nu pé kí n wá kí òun ní Athens, ní Georgia níbí, ní Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ló ti ń ṣe másítáàsì. Atlanta lèmi wà, kò ju bíi wákàtí kan ààbọ̀ lọ, àmọ́ iṣẹ́ ò kì í jẹ́. Ó kìlọ̀ fún mi o, pé kí n má wá lọ́jọ́ tí Bulldogs, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù yunifásítì wọn, bá ń gbá bọ́ọ̀lù nílé (bọ́ọ̀lù tiwọn tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá yẹn), torí Sanford Stadium ń gba èèyàn tó lé ní 90,000, n ò ní ríbi páàkì mọ́tò sí.

Lójú ọ̀nà mo rí bàbá kan tó ń ta ẹ̀pà sísè. Ẹ̀pà sísè gidi o, tèèpo-tèèpo, oníyọ̀, àfi bíi pé mo wà ní gáréèjì Ọ̀jọ́ọ̀! Mo ra ike kan fún àbúrò mi, mo jẹ ẹ́ tán kí n tó débẹ̀.

Àárọ̀ Sátidé a lọ sí State Botanical Garden, éékà 313, a rìn lẹ́bàá odò Middle Oconee títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Ibẹ̀ tutù, ó dùn, àmọ́ àárín ìlú gan-an ló mú mi lọ́kàn.

Géètì onírin kan wà lẹ́nu yunifásítì wọn, University of Georgia, The Arch ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ tí ò bá tíì gboyè ò gbọdọ̀ gba abẹ́ ẹ̀ kọjá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní gboyè mọ́. Àbúrò mi yà gba ẹ̀gbẹ́. Mo ní ṣé òyìnbó náà ti ń pa èèwọ̀ mọ́ ni, ó ní "Àǹtí mi, ẹ jẹ́ n gboyè ná." Ọdún 1785 ni wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé yunifásítì yìí, January 1961 ni Charlayne Hunter àti Hamilton Holmes tó wọ ibẹ̀, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀.

Níwájú City Hall, àgbá ẹlẹ́nu méjì kan wà tí wọ́n rọ ní 1862, nígbà ogun abẹ́lé wọn. Ṣéènì ni wọ́n fi so ọta méjèèjì pọ̀, pé kó máa gé àwọn ọmọ ogun bí ẹni ń sánko. Wọ́n dán an wò, ẹnu méjèèjì ò yìn pọ̀, ṣéènì já, wọ́n ní màlúù ló pa. Mo rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú mi.

Ìgbà tó yá la dé ìdí igi yẹn, ní Finley Street. Wọ́n ní ọ̀gágun kan, William H. Jackson, fẹ́ràn igi óòkù yìí débi pé ó yọ̀ǹda igi náà fún igi náà fúnra ẹ̀, pẹ̀lú ilẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 8 yí i ká. Àkọ́kọ́ wó ní 1942, èyí tó wà níbẹ̀ báyìí ọmọ ẹ̀ ni, èso ẹ̀ ni wọ́n fi hù ú, wọ́n gbìn ín ní 1946, ó jogún bàbá ẹ̀. Lábẹ́ òfin igi ò lè ni ilẹ̀, gbogbo ìlú mọ̀, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń bá a du ú.

A wá sọ̀ kalẹ̀ síhà Baxter Street, àbúrò mi nawọ́ sí àwọn họ́sítẹ́ẹ̀lì gàgàrà mẹ́ta kan, Brumby, Russell àti Creswell. Ó ní Linnentown ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, àdúgbò aláwọ̀ dúdú, bí ìdílé 50, ọ̀pọ̀ wọn ló ni ilé tí wọ́n ń gbé. Láàárín ọdún 1960 sí 1969, ìlú àti yunifásítì fi òfin gba ilẹ̀ náà, wọ́n wó gbogbo ẹ̀. 2021 ni ìjọba ìlú ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà nínú ìwé pé ìwà ìkà ni. N ò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Àwọn tó níwèé ilẹ̀ lọ́wọ́ ni wọ́n lé o, igi tí ò níwèé wà lókè níbẹ̀ yẹn, wọ́n sọ ọgbà yí i ká.

Nígbà tí a dé inú mọ́tò ni mo rí i pé àbúrò mi ti ṣa èso óòkù kan sápò. Mo ní níbo lo fẹ́ gbìn ín sí?

Ó ní, "Àǹtí mi, ilé rẹ́ǹtì ni mo ń gbé."