Ọwọ́ Bàbá ń gbọ̀n

Lánàá, mo lọ kí Bàbá tó kọ́ mi ní Ifá, nílé wọn nítòsí Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú Kétu ní ilẹ̀ Benin. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n débi pé ikin mẹ́ta, èkùrọ́ tí wọ́n fi ń dá Ifá, bọ́ sórí ẹní. Mo fẹ́ bá wọn ṣà á, wọ́n kọ̀. Wọ́n fi ìka wá a lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń ṣa ẹyin. Ó dùn mí wọra.

"Orúnkún tó ń ro mí, mò ń wò ó," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n ogbó kì í ṣe àìsàn, ọmọ mi."

Nínú odù 256 tí ẹsẹ Ifá pín sí, Ọ̀yẹ̀kú Méjì ni èmi máa ń bẹ̀rù, nítorí ikú. Òun gan-an ni wọ́n ní kí n kì. Ohùn mi há. Mo gbé ẹ̀kọ gbígbóná sí wọn lẹ́nu. Wọ́n mu díẹ̀, wọ́n ní kí n tún un bẹ̀rẹ̀.