Siopao tí mo jẹ ní Binondo
Òní ni mo jẹ siopao fúngbà àkọ́kọ́, ní Binondo ní Manila, olú-ìlú Philippines, àdúgbò àwọn Ṣáínà tó ti wà láti 1594! Fúláwà funfun rírọ̀ tí wọ́n fi ooru omi sè bíi mọ́ínmọ́ín ni, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ aládùn tí wọ́n ń pè ní asado wà nínú ẹ̀. Màmá tó ń tà á ní àwọn Ṣáínà ló gbé e dé, pé "búrẹ́dì gbígbóná" lásán lorúkọ ẹ̀ ní Hokkien, ọ̀kan lára èdè àwọn Ṣáínà. Wọn ò dín in lépo bí àkàrà, ìyẹn wù mí gan-an, àmọ́ fúláwà àti ṣúgà pọ̀ ju ẹran lọ, ni mo bá tún ra bola-bola, irú siopao mìíràn, torí ẹyin oníyọ̀ inú ẹ̀. Ó ṣì ń gbóná lọ́wọ́ mi báyìí o.