Àga tí wọ́n fẹ́ fi dáná

Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo bá àga kan nídìí ààrò ẹ̀gbọ́n màmá mi l'Ábẹ́òkúta. Àdá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì là á." Wọ́n ní, "Kí lo fẹ́ fi àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ṣe, ọmọ mi?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìrókò ni! Igi tí ikán kì í lè jẹ bọ̀rọ̀. Mo fi sanpépà tó le ha á, mo fi èyí tó kúnná tẹ̀ lé e, títí ọ̀dà dúdú àtijọ́ fi ṣí kúrò tí ara igi náà sì yọ, ó pọ́n bí oyin. Kò sí ìṣó kan ṣoṣo lára rẹ̀. Ṣe ni káfíńtà ayé ijọ́un ki igi bọnú igi, ó sì dì pinpin. Ó dùn mí pé a ń fi irú iṣẹ́ ọwọ́ báyìí se àmàlà.

Ara bẹ́ẹ̀dì tó kán ni mo ti rí ẹsẹ̀ kẹrin. Mo ra àdìrẹ ẹlẹ́kọ n'Ítòkú fún ìjókòó rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo kàn án, ọnà rẹ̀ wọ́; mo tú gbogbo rẹ̀, mo tún un kàn.

Oníbàárà ti san àsansílẹ̀, ọjọ́ Sátidé ló ń bọ̀ wá gbé e. Mọ́mì ló kọ́kọ́ jókòó sí i. Wọ́n nasẹ̀, wọ́n fọwọ́ pa apá àga náà títí, wọ́n wá ní kí n lọ wo àpótí kan lábẹ́ ibùsùn àwọn.