Gàrí Ìjẹ̀bú lẹ́yìn ìbẹ̀rù ibà Lassa

Ní oṣù kìíní ọdún 2016, nígbà tí ìròyìn ibà Lassa gba gbogbo rédíò, ìyá mi kó àpò gàrí mẹ́ta lọ sí ọjà Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì kó méjì àti ààbọ̀ padà wálé. Kò sí ẹni tí ó bá a jà. Àwọn oníbàárà rẹ̀ kí i dáadáa, wọ́n béèrè àwa ọmọ, wọ́n sì kọjá lọ.

Ohun tí àwọn oníṣègùn ń sọ nígbà náà, pé ènìyàn lè kó ibà Lassa láti ara gàrí tí eku ti kàn, kì í ṣe irọ́, ó sì máa ń dùn mí bí àwa ọmọ Ìjẹ̀bú bá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ńṣe ni wọ́n fẹ́ ba ọjà wa jẹ́. Ní ìlú Lassa, ní ìpínlẹ̀ Borno, ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá àrùn náà mọ̀ ní ọdún 1969. Irú eku kan tí ó ní ọmú púpọ̀, tí ó máa ń wọlé wá oúnjẹ, ni ó ń gbé e kiri. Bí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ rẹ̀ bá kan ohun tí a jẹ láìtún gbé e kaná, àrùn lè gba ibẹ̀ wọlé. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà fi gún àwa gan-an lójú. Ẹni tí ó ń tẹ èbà ṣì ń da omi gbígbóná lé gàrí rẹ̀, ṣùgbọ́n omi tútù ni a fi ń mu gàrí Ìjẹ̀bú. Kíkan rẹ̀, tí ó ti inú ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ẹ̀gẹ́ tí a rin fi wà nínú àpò wá, kíkúnná rẹ̀, àti gbígbẹ rẹ̀ tí ó fi ń dún lẹ́nu, inú omi tútù ni gbogbo rẹ̀ ti ń hàn.

Iná abẹ́ agbada kì í jẹ́ kí irú kòkòrò àrùn bẹ́ẹ̀ yè. Ìgbà tí gàrí bá kúrò lórí iná ni ewu bẹ̀rẹ̀: bí a bá tẹ́ ẹ sílẹ̀ mọ́jú kí ó lè tutù, bí a bá dà á sínú àpò tí eku lè jẹ lu, tàbí bí a bá pàtẹ rẹ̀ lọ́jà láìbò ó. Ìyá mi pẹ̀lú máa ń tẹ́ tirẹ̀ mọ́jú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, lórí aṣọ funfun tí ó fọ̀ mọ́ tónítóní. Inú bí i nígbà tí mo mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ náà. Ó ní, “Ṣé èmi ni o ń bi bóyá eku ń rìn lórí gàrí mi?” Mo ní, “Ẹ má bínú, Màmá. Àwọn tí ń rà á ni wọ́n ń bi ara wọn.”

Àwọn kan ń kígbe lọ́jà pé gàrí tiwọn kò ní Lassa, àwọn ni ọjà wọn sì kú jù, nítorí igbe náà ń rán ènìyàn létí àrùn ni. Ìyá mi ra ike ńlá onídèérí mẹ́rin. Ó ṣán igbó tí ó yí ibi ìyangàrí ká, ó kó òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́ jìnnà sí i, ó sì rí i pé gàrí tí a yan lónìí wọ inú ike kí ilẹ̀ tó ṣú. Lẹ́yìn náà ni ó sọ fún oníbàárà rẹ̀ àtijọ́ kan pé kí ó wá wò ó. Obìnrin náà wá sí abúlé wa nítòsí Ìjẹ̀bú-Igbó, ó jókòó ti agbada títí di ìrọ̀lẹ́, ó sì tú ìdérí ike kọ̀ọ̀kan wò. Èmi rò pé ìbẹ̀wò yẹn ṣe ju ìpolówó ọdún kan lọ. Codex, ìyẹn ìlànà àgbáyé lórí oúnjẹ, ní kí omi inú gàrí má ju ìdá 12 nínú 100 lọ, èyí sì dára, ṣùgbọ́n kò sí ìwọ̀n tí yóò sọ fún olùrà bóyá eku kọjá lóru. Ojú rẹ̀ ni yóò fi rí i, tàbí ojú ẹni tí ó gbà gbọ́.

Ó tó oṣù mẹ́jọ kí ọjà tó padà bọ̀ sípò. Nígbà tí àrùn náà tún le ní ọdún 2018, pàápàá ní Edo, Òǹdó àti Ebonyi, ẹ̀rù bà mí fún un. Àwọn oníbàárà wá. Wọ́n ní kí ó má wọn ti orí àtẹ fún àwọn, kí ó ṣí ike, kí ó sì bù ú níbẹ̀ ní ojú àwọn, kóńgò kan lẹ́yìn èkejì.