Bàtà ni mo lọ rà, ìtàn ni mo gbé bọ̀

Ẹ má bínú o, ó ti pẹ́ tí mo kọ nǹkan síbí. Bàtà òtútù mi ló já níwájú lọ́sẹ̀ tó kọjá, omi ń wọ inú ẹ̀ bí ẹni pé odò ni mò ń là kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan wá ní kí n lọ sí Bad Münstereifel, pé bàtà olórúkọ pọ̀ níbẹ̀ lówó pọ́ọ́kú. Láti Cologne níbí ní Jámánì, èèyàn á wọ rélùwéè, á sọ̀kalẹ̀ ní Euskirchen, á tún wọ òmíì. Ìlú kékeré ni, odi àtijọ́ ṣì yí i ká, odò Erft gba àárín ìgboro kọjá, odò yìí náà ló kún àkúnya lóṣù keje 2021 tó ba ilé àti ṣọ́ọ̀bù jẹ́, àmọ́ wọ́n ti tún ìlú ṣe, ó tiẹ̀ rẹwà. Mo ra bàtà, mo padà sílé, ó tán lójú tèmi.

Àṣé kò tán. Bàbá tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé wa rí báàgì lọ́wọ́ mi. Ará Pọ́túgàl ni wọ́n, wọ́n ti lé ní 70 ọdún, wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n bi mí níbi tí mo ti ń bọ̀, mo dárúkọ ìlú náà, ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ibẹ̀ ni wọ́n ti bí ẹgbẹ́ òṣèlú wa." Mo kọ́kọ́ rò pé ọjọ́ orí ló ń da bàbá láàmú. Ẹgbẹ́ òṣèlú Pọ́túgàl, nínú ìlú Jámánì tí wọ́n ti ń ta bàtà ẹ̀dínwó? Wọ́n ní kí n jókòó. Kọfí dé, ìtàn bẹ̀rẹ̀, mo sì lọ kà sí i fúnra mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn, òótọ́ pọ́ńbélé ni.

Ọjọ́ 19 oṣù kẹrin 1973 ni. Àwọn ará Pọ́túgàl 27 jókòó sí Bad Münstereifel, lábẹ́ òrùlé àjọ Friedrich Ebert tó sún mọ́ SPD, ẹgbẹ́ sósálíìsì ti Jámánì, wọ́n dìbò bóyá kí wọ́n sọ ẹgbẹ́ kékeré tí wọ́n ti dá sílẹ̀ ní Geneva ní 1964 di ẹgbẹ́ òṣèlú gidi, Ẹgbẹ́ Sósálíìsì Pọ́túgàl. Èèyàn 20 ní bẹ́ẹ̀ ni, 7 ní rárá, pé àsìkò ò tíì tó. Ìyàwó olórí ẹgbẹ́ gan-an, Maria Barroso, wà lára àwọn tó ní rárá (ẹ ò rí obìnrin gidi!). Ọkọ ẹ̀ ni Mário Soares, lọ́yà tí àwọn ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ti tì mọ́lé nígbà 12, kódà inú ẹ̀wọ̀n ló wà tí wọ́n fi so òun àti ìyàwó ẹ̀ pọ̀ ní 1949. Ní 1968 wọ́n lé e lọ sí São Tomé, erékùṣù tó wà lójú òkun lápá ọ̀dọ̀ wa níbẹ̀ yẹn, nígbà tó yá ó gba Faransé lọ. Láti 1926 ni àwọn apàṣẹwàá ti ń jọba ní Lisbon, Salazar ló pẹ́ jù lórí àga, Caetano ló gbapò ẹ̀, wọ́n sì ń jagun ní Àǹgólà láti 1961, ní Guinea-Bissau láti 1963, ní Mozambique láti 1964, kí Áfíríkà má baà bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Torí ogun yẹn ni bàbá wa ṣe wà níbí. Ọmọ ọdún 19 ni wọ́n nígbà tí lẹ́tà iṣẹ́ sójà dé, wọn ò dágbére fún ẹnikẹ́ni àfi ìyá wọn, wọ́n fẹsẹ̀ rìn wọ Sípéènì lóru, wọ́n gba Faransé dé Jámánì. Ẹ̀gbọ́n wọn lọ sí Guinea-Bissau ní tiẹ̀, ó padà wá láàyè, àmọ́ wọ́n ní kò fẹnu kan ọ̀rọ̀ ibẹ̀ títí tó fi kú.

Kí n yà bàrá díẹ̀ o. Tí mo bá ń pe irú àwọn ẹgbẹ́ yìí ní "apá òsì", ó máa ń ṣe mí bákan, torí àwa tí a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, ta ló fẹ́ fi òsì polówó ẹgbẹ́ fún wa? Ibi tí àwọn kan jókòó sí nílé aṣòfin Faransé láyé 1789 ni orúkọ yẹn ti wá, kò kan ọwọ́ tá a fi ń jẹun. Ó parí.

Ohun tó dùn mọ́ mi ni irú ìrànlọ́wọ́ tí SPD ṣe fún àwọn ará Pọ́túgàl yìí. Ó ti pẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ sósálíìsì ayé ti ń búra pé àwọn á jọ dènà ogun. Ní 1912 wọ́n kóra jọ sínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ní Basel, wọ́n sọ̀rọ̀ débi pé ẹni tó gbọ́ á rò pé ogun ò ní jà mọ́ láyé, ọjọ́ 31 oṣù keje 1914 ni wọ́n yìnbọn pa Jean Jaurès ní Paris, ẹni tó ń pariwo pé kí wọ́n má jà, nígbà tó di ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ, SPD yìí kan náà dìbò pé kí ìjọba Jámánì gba owó láti fi ja Ogun Àgbáyé Kìíní. Ìwé ìpinnu Basel wà nínú àpótí, ọmọ ọlọ́mọ ń kú lójú ìjà. Ti 1973 yìí ò ní ariwo kankan nínú. Òrùlé ni wọ́n fún àwọn tó sá wá bá wọn, tábìlì àti àga ni, owó ni, ẹni tó máa kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ṣètò ẹgbẹ́ ni.

Ọdún kan àti ọjọ́ 6 lẹ́yìn ẹ̀, àwọn sójà tí ogun Áfíríkà ti sú gbàjọba ní Lisbon, àwọn èèyàn ń ki òdòdó pupa bọ ẹnu ìbọn wọn. Bonn, olú ìlú Jámánì Ìwọ̀-oòrùn nígbà náà, ni Soares wà lọ́jọ́ yẹn, àlejò SPD ni. Ó sáré gba Paris, ó wọ rélùwéè, ọjọ́ 28 ló gúnlẹ̀ sí Lisbon, èrò rẹpẹtẹ. Ẹ wá wo ayé: ọjọ́ tó ṣáájú ìgbà tí ìjọba Caetano ṣubú gan-an ni wọ́n mú Guillaume, amí Jámánì Ìlà-oòrùn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọ́fíìsì Willy Brandt tó jẹ́ olórí ìjọba Jámánì, kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí Brandt kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ẹnì kan ń gòkè, ẹnì kan ń sọ̀ kalẹ̀.

Ìbò wáyé ní 25 oṣù kẹrin 1975, nínú èèyàn 100, ó lé ní 91 tó jáde. Ẹgbẹ́ Soares mú bí 38, àwọn kọ́múníìsì Álvaro Cunhal mú bí 12 ààbọ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ sójà ni ìbọn wà, àwọn tó fẹ́ ti Cunhal sì pọ̀ nínú wọn. Lóṣù karùn-ún, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tẹ ìwé ìròyìn República gba ilé iṣẹ́ náà mọ́ àwọn olóòtú lọ́wọ́, ìwé ìròyìn yẹn sì ni ti ọ̀rẹ́ Soares, ló bá bínú kó àwọn èèyàn ẹ̀ kúrò nínú ìjọba. Kissinger, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Amẹ́ríkà, tiẹ̀ ti sọ fún un lójú ara ẹ̀ pé bíi Kerensky ti Rọ́ṣíà ló máa rí, ẹni tí Lenin gbàjọba lọ́wọ́ ẹ̀.

Ìgbà yẹn ni àwọn ọ̀rẹ́ dìde. Ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ni àwọn olórí Yúróòpù fọwọ́ síwèé àlàáfíà ní Helsinki, lọ́jọ́ kejì Olof Palme, olórí ìjọba Swídìn, gba àwọn sósálíìsì lálejò ní Stockholm, Wilson wá láti Ìlú Ọba, Kreisky láti Ọ́stríà, Mitterrand láti Faransé, Brandt wà níbẹ̀, Soares wà níbẹ̀. Wọ́n dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ láti gbèjà ìjọba tiwantiwa ní Pọ́túgàl, Brandt ni alága. Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù náà là á mọ́lẹ̀ pé tí tiwantiwa ò bá dúró, owó ìrànwọ́ ò ní wá.

Ibí yìí ló mú mi dúró. Willy Brandt kọ́ ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé, Herbert Frahm ni. Ọmọ ọdún 19 ni nígbà tí Hitler gbàjọba ní 1933, bíi ti bàbá ìsàlẹ̀ ilé wa gẹ́lẹ́, ó sá lọ sí Nọ́wè, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ló gbà á mọ́ra, nígbà tí sójà Hitler tún dé Nọ́wè, ó sá wọ Swídìn. Kreisky náà, ọmọ Júù ará Vienna, Swídìn lòun náà sá lọ ní 1938. Ìlú tí àwọn méjèèjì ti jẹ́ ìsáǹsá ni wọ́n wá jókòó sí ní 1975, tí wọ́n ń jíròrò bí wọ́n á ṣe ran ìsáǹsá mìíì lọ́wọ́. Àjọbí ò kan t'àánú, ẹni orí bá rán sí ni ń ṣeni lóore. Mo rántí bàbá mi láyé Abacha, rédíò kékeré kan lábẹ́ ìrọ̀rí, tó ń gbọ́ Rédíò Kúdíràtù lóru tó sì ń sọ fún wa pé ká má sọ fún ẹnikẹ́ni níléèwé.

Mi ò ní yin ẹnikẹ́ni tán ṣá. Owó tó ti Bonn wá, ìbẹ̀rù pé Moscow àti àwọn kọ́múníìsì á gba Pọ́túgàl náà wà nínú ẹ̀. Cunhal àti àwọn èèyàn ẹ̀ ti jẹ̀wọ̀n gan-an lọ́wọ́ Salazar ní tiwọn, òun fúnra ẹ̀ sá lẹ́wọ̀n Peniche ní 1960, wọn kì í ṣe ọmọ àlè ìlú wọn. Jámánì yìí náà ló ta ọkọ̀ òfuurufú ogun 40 fún Pọ́túgàl ní 1966, inú ẹgbẹ́ ológun NATO kan náà ni wọ́n jọ wà. Swídìn nìkan ni mo lè kan sáárá sí láìṣe bẹ́ẹ̀-bẹ́ẹ̀, torí láti 1969 ni ìjọba ibẹ̀ ti ń fi oògùn àti nǹkan iléèwé ránṣẹ́ sí PAIGC ti Amílcar Cabral, ẹgbẹ́ tó ń jà fún òmìnira Guinea-Bissau. Kò sì sí òdòdó kankan tí ì bá wọ ẹnu ìbọn ní Lisbon ká ní àwọn ọmọ Áfíríkà inú igbó ò jà títí tó fi sú àwọn sójà Pọ́túgàl. Wọ́n pa Cabral ní Conakry lóṣù kìíní 1973, oṣù mẹ́ta géérégé ṣáájú ìpàdé Bad Münstereifel. Bóyá ẹnì kan dárúkọ ẹ̀ nínú yàrá yẹn, ẹ̀rí ọkàn wọn ló mọ̀.

Guinea-Bissau gba òmìnira lọ́wọ́ wọn ní 1974, Mozambique àti Àǹgólà ní 1975, Àǹgólà sì bọ́ sínú ogun abẹ́lé lójú ẹsẹ̀, tó fi di pé ìjọba Murtala nílé wa gbárùkù ti MPLA, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ tó ń jà níbẹ̀. Soares di olórí ìjọba lóṣù keje 1976.

Mo kó gbogbo ẹjọ́ yìí lọ bá bàbá wa, ti ọkọ̀ òfuurufú, ti Moscow, gbogbo ẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ tán. Wọ́n ní, "Òótọ́ lo sọ. Àmọ́ ìyá mi rí mi ní 1974." Mi ò mọ èsì tí mo lè fọ̀.

Mo wá bi wọ́n bóyá wọ́n ti débẹ̀ rí, torí ìlú náà ò jìnnà. Wọ́n ní láti ọdún gbọọrọ tí àwọn ti ń gbé Cologne, àwọn ò débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Sátidé tó ń bọ̀ la fẹ́ jọ lọ, tí ẹsẹ̀ ò bá dùn wọ́n. Wọ́n ní àwọn náà nílò bàtà.