Mo lọ sí Genadendal, ọ̀rọ̀ Màmá Lena ni mo gbé bọ̀

Orúkọ ilé ni mo kọ́kọ́ mọ Genadendal sí. Ní 1995, Mandela yí orúkọ Westbrooke, ilé ààrẹ tó ń gbé ní Cape Town, padà sí Genadendal, mo wá ní ìlú wo tiẹ̀ nìyẹn ná?

Àṣé ìlú kékeré báyìí ni o. A gba N2 jáde ní Cape Town, a gun Sir Lowry's Pass, ọ̀nà tó gba orí òkè kọjá (mo di ìjókòó mú bíi pé èmi ni mò ń wa mọ́tò), nítòsí Caledon la yà kúrò ní títì ńlá, oko àlìkámà lọ́tùn-ún lósì títí òkè Riviersonderend fi yọ sí wa. Ṣọ́ọ̀ṣì funfun, igi óákù, ilé tí wọ́n fi koríko bo orí ẹ̀. Afrikaans ni wọ́n ń sọ, "tannie" ni wọ́n ń pe obìnrin tó bá ti dàgbà, bíi ká ní àǹtí, ìyẹn bá mi lára mu gan-an.

Inú ilé tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tíṣà láyé ọjọ́un ni músíọ̀mù wà, 1838 ni wọ́n dá a sílẹ̀, òun sì ni àkọ́kọ́ irú ẹ̀ ní South Africa. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Màmá Lena ló mú mi. Georg Schmidt, mísọ́nnárì ìjọ Moravian, ló débẹ̀ ní 1738, ó ń kọ́ àwọn Khoikhoi, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, níwèé, ó sì ń wàásù fún wọn. Bó ṣe ṣèrìbọmi fún wọn báyìí, àwọn àlùfáà Cape Town fárígá pé ta ló fún un láṣẹ, ló bá kúrò ní 1744. Kò sí mísọ́nnárì kankan mọ́ o, àfi ìgbà tí àwọn mẹ́ta dé ní 1792, wọ́n bá igi píà tó gbìn, wọ́n sì bá ìyá arúgbó kan, Vehettge Tikkuie, tí Schmidt sọ ní Magdalena, tí wọ́n ń pè ní Lena. Ìyá yìí yọ Májẹ̀mú Tuntun tí Schmidt fún un jáde látinú awọ àgùntàn! Ojú ìyá náà ò ríran dáadáa mọ́, ọ̀dọ́bìnrin kan ló bá a kà á. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àádọ́ta ọdún o! Lójú tèmi, ìyá yẹn ló dá ìlú náà sílẹ̀, kí wọ́n máa sọ tiwọn lọ.

Mo jáde, mo fóònù màmá mi lábẹ́ igi óákù, mo ròyìn gbogbo ẹ̀ fún wọn. Nǹkan tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé Bíbélì tí àwọn fún mi ńkọ́, ṣé ó ṣì wà? Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa.